Ọkọ̀ tó ń kú lábẹ́ Olúmọ: ohun tó ṣe rélùwéè kékeré Bàbá Ìbejì

Ọ̀rọ̀ rélùwéè kékeré, àwòkọ ọkọ̀ ojú irin gidi tá a ń kọ́ sórí tábìlì, tó wà nílé Bàbá Ìbejì n'Íbarà ti di àròyé láàárín àwa díẹ̀ tá a ń ṣe nǹkan yìí l'Ábẹ́òkúta. Látìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé ni ẹni tó bá ti yà kí wọn ń sọ tiẹ̀, ọ̀kan á ní ẹ́ńjìnì ló ti kú, òmíì á ní iná nẹ́pà ni, ẹnì kan tiẹ̀ sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tá a tú u, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tá a rí ohun tó ń ṣe é, torí náà ẹ jẹ́ n kọ ọ́ bó ṣe lọ, kó má di pé oníkálukú ń gbé ìtàn tiẹ̀ kiri. Ohun tó ń pa ọkọ̀ yẹn ò sí nínú ọkọ̀, kò sí nínú iná, kò tiẹ̀ sí níbi tí ọkọ̀ ti ń kú rárá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe rí ná. Ìwọ̀n tí Bàbá Ìbejì ń lò ni wọ́n ń pè ní HO, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá pín nǹkan gidi sí ọ̀nà 87, ìdá kan péré lẹ máa kọ́, ènìyàn tó ga ní mítà 1.7 á ku bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Ojú irin tuntun tó gba Láderin kọjá, èyí tí wọ́n ṣí ní June 2021 láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, mìlímítà 1435 ló wà láàárín irin méjèèjì. Ẹ pín in sí 87, ó di 16.5, èyí gan-an sì ni ojú irin HO tí wọ́n ń tà káàkiri ayé. Ti Láfẹ́nwá, ojú irin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 tó dé Ìbàdàn ní 1901, 1067 ni tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá pín ìyẹn, mìlímítà 12 àti díẹ̀ ló máa jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ Láfẹ́nwá ò fi lè gun ojú irin Láderin, ní gidi àti lórí tábìlì. Àwọn kan ní kí wọ́n kàn fi 16.5 ṣe méjèèjì, ta ló máa fi rúlà wọ̀n ọ́n, Bàbá Ìbejì ní rárá, àwọn ò lè máa purọ́ fún ara àwọn nínú ilé ara àwọn. Èmi fara mọ́ wọn lórí ìyẹn. Torí náà Láderin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, Láfẹ́nwá ṣì jẹ́ ìlà bírò lórí pákó.

Iyàrá ẹ̀yìn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, páànù ló wà lórí ẹ̀, kò sí sílìn. Pláìwúùdù ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, àfi ibì kan tí mo máa padà sọ. Ẹni tó bá wọbẹ̀, òrùlé ló kọ́kọ́ máa wò, àwọn ilé Ìtokú àti Ìjẹmọ̀ tí páànù wọn ti pupa látòkè délẹ̀. Ọmọ FUNAAB tó wà pẹ̀lú wa fi inú páálí ṣe tiẹ̀ nígbà kan, ìlà páànù wá tóbi bíi gọ́tà, torí páànù gidi, láti òkè ìlà kan sí ìkejì ò ju mìlímítà 76 lọ, lórí HO ìyẹn ò tó mìlímítà kan. Bàbá Ìbejì ní tiwọn mú bébà fàdákà inú páálí sìgá, wọ́n tẹ́ ẹ lé eyín bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n wá fi èékánná rìn ín mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìlà fi hàn sí i lára, lẹ́yìn náà wọ́n fi gúlù olómi pa á, wọ́n da ilẹ̀ pupa tí wọ́n sẹ́ lẹ́yìnkùlé lé e. Tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ ọn ẹ máa bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ́ ní ilé ìyá àgbà yín ni.

Lẹ́yìn àwọn ilé yìí ni Olúmọ wà. Nẹ́ẹ̀tì adìyẹ ni egungun ẹ̀, bébà ìròyìn lé e, POP lé e, pẹ́ńtì eérú àti dúdú lé e, ó pẹ́ kí wọ́n tó parí ẹ̀. Abẹ́ Olúmọ yìí ni ojú irin Láderin ti ń yí po. Ọkọ̀ á wọ ihò kan, á rìn yí ká nínú òkùnkùn, á wá gba ihò kejì jáde, á ti kọjú síbi tó ti ń bọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Irú ẹ̀ tún wà lẹ́yìn síteṣọ̀n Láderin, ọkọ̀ á kàn máa lọ á máa bọ̀. (Ní ti gidi, ojú irin ò gba abẹ́ Olúmọ o. Bàbá Ìbejì mọ̀. Wọ́n ní nígbà ogun gbogbo Ẹ̀gbá ló sá síbẹ̀, kí ló dé tí ọkọ̀ tàwọn ò níí lè sá síbẹ̀?)

Ibi yíyípo yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀. Iná máa ń gba irin méjèèjì ni, irin ọ̀tún ní tiẹ̀, irin òsì ní tiẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ fara kanra. Ẹ wá mú ìka yín, ẹ fi tọ irin ọ̀tún lọ, ẹ bá a yí po abẹ́ Olúmọ, nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa padà dé ojú ọ̀nà tẹ́ ẹ ti kúrò, irin òsì ni ìka yín máa bá pàdé. Ṣọ́ọ̀tì nìyẹn. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gé irin méjèèjì ní ẹnu àbáwọlé, kó tún gé méjèèjì ní ẹnu àbájáde, kí irin àárín dá dúró bí erékùṣù, kó wá fún un ní iná láti inú ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní auto-reverser. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni pé tí táyà irin ọkọ̀ bá ti tẹ ojú ibi tá a gé, tí iná méjèèjì ò bá bára mu, á yí ti inú padà wéré kí kọ́ńtírólà, ẹ̀rọ tó ń fún gbogbo ojú irin ní iná, tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Tiwọn máa ń dún tó bá yí, "kẹ̀".

Nígbà òjò kò sí wàhálà kankan. Ọyẹ́ dé, wàhálà dé. Ọkọ̀ á kúrò ní Láderin, á gun afárá, á wọ abẹ́ Olúmọ, ẹ̀ẹ́ máa gbọ́ ìró ẹ̀ nínú ibẹ̀ tó ń yí lọ dáadáa, ó ku díẹ̀ kó yọrí síta báyìí, ẹ̀rọ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, gbogbo ẹ̀ á sì kú, ẹ́ńjìnì kejì tó dúró jẹ́ẹ́ ní síteṣọ̀n náà á kú, iná pupa á tàn lórí kọ́ńtírólà. Ọ̀sán nìkan ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ kùtù tí òtútù ṣì ń mú, ọkọ̀ á yí títí tí á fi sú wọn, tó bá ti di ọ̀sán tí páànù ti gbóná, ó parí.

Ẹ wá wo bí àwọn èèyàn ṣe ń lé e kiri. Injiníà wa tó ń tún ínfátà ṣe ní iná ló ń lọ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ó gbé mítà ẹ̀ dé, ó wọn ohun tó ń jáde lára kọ́ńtírólà, vóòtì 15 gbọnrangandan, ì báà jẹ́ nẹ́pà, ì báà jẹ́ ínfátà. Ìyẹn ò ṣe é. Wọ́n wá di ẹ̀bi ru eruku ọyẹ́. Eruku ọyẹ́ máa ń dààmú wa lóòótọ́, á bo ojú irin, á bo táyà, ṣùgbọ́n bí eruku ṣe máa ń ṣe ni pé ọkọ̀ á máa lọ á máa dúró, iná iwájú ẹ̀ á máa ṣẹ́jú, tẹ́ ẹ bá fi ìka ti í díẹ̀ á tún lọ. Eruku kì í tan iná pupa kọ́ńtírólà. Iná pupa, ṣọ́ọ̀tì ni. Bàbá Ìbejì ò gbọ́, wọ́n ti fi sáńpépà fá ojú irin láti Láderin dé ẹnu ihò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sáńpépà fá ojú irin yín láéláé, gbogbo ojú tó bá ha yẹn ni ìdọ̀tí tuntun á máa wọ̀ sí, ẹ fi aṣọ tó mọ́ àti sípírítì nù ún, ó tó.

Ẹ̀bi wá kan ibi tí ọkọ̀ ti ń kú, ẹnu àbájáde. Ó jọ òótọ́, àbí? Ibẹ̀ ló ti ń kú lójoojúmọ́. Wọ́n gé ibẹ̀ tún, wọ́n ki rọ́bà ìdènà tuntun sí i, ojú ẹ̀ mọ́ dáadáa. Ọkọ̀ tún kú síbẹ̀. Ló bá ku auto-reverser, wọ́n ti ń múra àtifi owó ránṣẹ́ sí àbúrò wọn lókè òkun kó ra òmíì.

Ọmọ FUNAAB yẹn ló dá wọn dúró. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ láàárín àgbà, ó ti jókòó síbẹ̀ tó ń ya nǹkan sí ẹ̀yìn ìwé. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gba ibi tó fi ń jáde wọlé, ká wò ó." Wọ́n ṣe é. Ọkọ̀ yí ojú padà, ó gba ẹnu àbájáde wọlé, táyà àkọ́kọ́ tẹ ojú gígé, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ó kú. Ojú kan náà. Injiníà ní ṣé ẹ rí i, ibẹ̀ náà ni, mo ti sọ. Ọmọ yẹn ní, "Rárá sà, òdìkejì ni."

Mo rò pé ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, ẹ fara balẹ̀. Ká ní ojú gígé ẹnu àbáwọlé ti pàdé, ká ní irin kan ti fara kan èkejì ẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Irin inú ti so mọ́ ti ìta nìyẹn. Ọkọ̀ á gba ibẹ̀ wọlé láìsí ìjàǹbá, torí iná inú àti ti ìta bára mu níbẹ̀, kódà auto-reverser ò níí dún. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dé ẹnu àbájáde ni iná ò bára mu mọ́, ẹ̀rọ á fẹ́ yí i padà, ṣùgbọ́n tó bá yí i padà báyìí, ẹnu àbáwọlé tó so mọ́ra á ṣọ́ọ̀tì, á tún yí i sẹ́yìn, àbájáde á ṣọ́ọ̀tì, á máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ títí kọ́ńtírólà á fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọkọ̀ ń kú ní ẹnu ọ̀nà kejì, ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ ló ń pa á. Ọmọ yẹn wá béèrè pé ìgbà wo la gbọ́ "kẹ̀" ní ẹnu àbáwọlé kẹ́yìn. Gbogbo wa dákẹ́. Nígbà òjò a máa ń gbọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nìyí, ẹni tó bá ní irú ẹ̀ nílé lè ṣe é. Wọ́n pa iná, wọ́n kó ọkọ̀ gbogbo kúrò lójú irin (tí kọ́ọ̀ṣì oníná kan bá kù síbẹ̀ á purọ́ fún mítà yín), wọ́n tú wáyà auto-reverser kúrò lára irin inú. Wọ́n yí mítà sí ibi tó ń ké, ẹsẹ̀ kan lórí irin ìta, ẹsẹ̀ kan lórí irin inú, kò gbọdọ̀ ké. Àárọ̀ ni wọ́n ṣe é, kò ké. Bàbá Ìbejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jó, wọ́n ní ìmọ̀ ìwé náà ni gbogbo ẹ̀. Ọmọ náà ní ká dúró de ọ̀sán. A jẹ láfún, a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, páànù bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàpà lórí wa bó ṣe ń gbóná. Wọ́n tún gbé mítà sí ojú gígé ẹnu àbáwọlé, nínú irin méjèèjì tó yí po, èyí tó wà lápá òde dákẹ́, wọ́n gbé e sí èyí tó wà lápá inú, mítà pariwo tíììììn.

Ó wá ku kí wọ́n dé ibẹ̀, inú Olúmọ gan-an ni. Ìyá Ìbejì ti wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ìdàhọ̀mì wá ní 1851, wọ́n tún wá ní 1864, wọn ò rí Ẹ̀gbá gbé ṣe. Ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ fi ayùn gé Olúmọ." Bàbá Ìbejì ò lè gé e, wọ́n yíjú sí ògiri, Bàbá Káfíńtà ló gé e látẹ̀yìn, POP ń já sílẹ̀ lẹ́búlẹ́bú.

Tọ́ọ̀ṣì wọbẹ̀, Bàbá Káfíńtà kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan ni, wọ́n ní háà. Mo ti sọ pé pláìwúùdù ni gbogbo tábìlì àfi ibì kan. Pláìwúùdù tán nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n wá fi pákó fífẹ̀ kan di àlàfo, pákó sọ́mìlì tí ó fẹ̀ ní ínṣì 12, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là á ni, omi ṣì wà nínú ẹ̀. Pákó kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì lóòró, ìbú ló ti máa ń súnkì. Pláìwúùdù ní tiẹ̀, wọ́n fi ewé pákó dábùú ara wọn nínú ẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, ìkan ò jẹ́ kí ìkejì lọ síbì kankan. Ọyẹ́ wá fa omi inú pákó yẹn gbẹ, ìbú ẹ̀ dín kù, láàárín òun àti pláìwúùdù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ èékánná wọlé wẹ́rẹ́. Ojú irin dábùú pákó ọ̀hún, wọ́n sì ti kàn án mọ́ ọn ní etí méjèèjì, etí méjèèjì wá ń wọ́ irin bọ̀ láàárín, àárín yẹn gan-an sì ni ojú gígé wà. Wọn ò sì ki nǹkan kan sí ojú gígé náà nígbà yẹn, afẹ́fẹ́ lásán ló wà níbẹ̀. Ó ku díẹ̀ bín-ín-tín kí irin pàdé irin, bẹ́ẹ̀ ooru ọ̀sán máa ń mú irin gùn díẹ̀, ó parí iṣẹ́ tí pákó bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ lẹ́, irin tutù, ó tún sún sẹ́yìn, láàárọ̀ gbogbo ẹ̀ á dára. Ìdí tó fi ń kú lọ́sàn-án nìkan nìyẹn.

Bàbá Káfíńtà ní àwọn ti sọ fún wọn nígbà yẹn pé kí wọ́n gbé pákó náà síbi ìbòòji kó gbẹ kí wọ́n tó lò ó. Bàbá Ìbejì ní wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Títún un ṣe ò le. Wọ́n fi ayùn abẹ tún ojú méjèèjì gé, wọ́n wá mú káàdì ATM tó ti ẹ́sípáyà, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́ ki ojú ibẹ̀, káàdì ATM ò nípọn ju mìlímítà 0.76 lọ, ó rọrùn. Súpà gúlù kán tó. Nígbà tó gbẹ, wọ́n fi fáìlì rẹ́ ẹ bá ojú irin dọ́gba, lókè àti ní inú lọ́hùn-ún níbi tí etí táyà ti ń gbà, torí tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ tó yọ gọ́ńgọ́ síbẹ̀, ọkọ̀ á máa ta kọ́sẹ̀ á sì já bọ́. Irin òde tí kò tíì pàdé náà, wọ́n ṣe tiẹ̀. Wọ́n yọ ìṣó etí pákó kan kúrò kí irin lè máa rọra sún, wọ́n fi pẹ́ńtì olóòróro kun pákó náà lókè níbi tí ọwọ́ dé àti lábẹ́.

Èmi àti Injiníà sọ pé kí wọ́n kúkú yọ pákó yẹn dànù, kí wọ́n fi pláìwúùdù rọ́pò ẹ̀, ó ṣì wà lọ́kàn mi pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Bàbá Ìbejì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Olúmọ mọ́. Tí òjò bá dé, pákó á mu omi, á tún fẹ̀, ojú gígé lè là lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì yẹn, ìyẹn ò lè fa ṣọ́ọ̀tì, ohun tó kàn máa ṣe ni pé ọkọ̀ á máa dún kòkò tó bá ń kọjá níbẹ̀. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán tó gbóná jù lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n fi dán an wò, páànù ń ta, ọkọ̀ wọlé, "kẹ̀", ó yí, "kẹ̀", ó jáde. Àwọn yòókù ti lọ yẹ tiwọn wò. Ọmọ FUNAAB, ìwọ̀n N tó kéré sí HO ni tiẹ̀, ojú irin mìlímítà 9 lórí ṣẹ́ẹ̀fù, ó ti ki rọ́bà sí gbogbo ojú gígé ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Injiníà, róbótó lásán ni tiẹ̀, kò ní ibi yíyí kankan, ó ní òun ò lẹ́jọ́ ní kóòtù.

Ibi tí wọ́n gé lẹ́yìn Olúmọ ti di ilẹ̀kùn báyìí, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré ló ń dì í mú, ẹni tó bá dúró níwájú ò lè mọ̀. Bàbá Ìbejì ti ra pákó fún ẹsẹ̀ tábìlì Láfẹ́nwá, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ìbejì, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ là á láàárín kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, Ìyá Ìbejì ń kùn sí i. Ojú rẹ̀ lókè, pláìwúùdù ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́. Irin mìlímítà 12 ló kù, ẹni tó ń bọ̀ láti Jámánì ní December ló máa bá wọn gbé e.